Mo múra ìjábọ̀ bí ẹni tó ń lọ síbi ìdíje

Ìjábọ̀ oníṣẹ́jú 20 níwájú ìgbìmọ̀ olùdarí ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́: kí n ṣàlàyé ibi tí iṣẹ́ àkànṣe wa dé, kí n sì tọrọ àfikún owó. Mo mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mowó. Àmọ́ mímọ iṣẹ́ lọ́tọ̀, sísọ ọ́ níwájú ẹni tó lè fọwọ́ sí i tàbí kó dà á nù lọ́tọ̀. Mo ti ń kà nípa bí àwọn eléré ìdárayá tó mókè ṣe ń tún ọkàn wọn ṣe ṣáájú ìdíje, mo bá ní kí n fi ọgbọ́n wọn gbára dì. Kì í ṣe ti "o lè ṣe é! o lè ṣe é!" o. Ariwo lásán nìyẹn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wò wọ́n ni mo ń wá.

Àfojúsùn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú eléré ìdárayá kì í fẹ́ kí asáré máa ro ipò kìíní ṣáá lórí pápá, torí ẹsẹ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Kó gbájú mọ́ bó ṣe máa gbéra, bó ṣe máa mí, ìwọ̀n eré tó máa fi bẹ̀rẹ̀. Èmi náà pa "kí wọ́n fọwọ́ sí owó" rẹ́ nínú ìwé mi. Mo fi mẹ́ta rọ́pò rẹ̀: iye owó ni n óò kọ́kọ́ dárúkọ, n kò ní máa ka ohun tí ẹ̀rọ bá gbé sára ògiri, n óò dákẹ́ díẹ̀ kí n tó dáhùn ìbéèrè èyíkéyìí.

Fífojú inú wo ọjọ́ náà ló gbà mí lákòókò jù, Michael Phelps, òmùwẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ló sì là mí lójú. Bob Bowman, kóòṣì rẹ̀, máa ń ní kó fojú inú wo gbogbo ìdíje látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kì í sì í ṣe èyí tí gbogbo nǹkan ti dọ́gba nìkan. Èyí tí nǹkan ti dojú rú náà wà níbẹ̀. Ní ìdíje Òlíńpíìkì Beijing lọ́dún 2008, nínú àṣekágbá ìwẹ̀ butterfly ti mítà 200, omi kún inú awò ojú rẹ̀ débi tí kò fi ríran mọ́. Ó ń ka iye ìgbà tó ju ọwọ́ títí tó fi kan ògiri. Òun ló gba àmì ẹ̀yẹ wúrà, ó sì fi ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 52.03 sọ àkọsílẹ̀ àgbáyé di tuntun. Inú rẹ̀ ò tilẹ̀ dùn tán, ó gbà pé òun ì bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń fojú inú wo àtẹ́wọ́. Ta ló nílò ìmúrasílẹ̀ fún àtẹ́wọ́? Mo jókòó, mo kọ ohun tó lè bàjẹ́, mo sì kọ ohun tí n óò ṣe síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí irú ètò báyìí: bí tibí bá ṣẹlẹ̀, tọ̀hún ni n óò ṣe. Ìpinnu ti wà nílẹ̀ kí ìdààmú tó dé. Bí ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri bá kọṣẹ́, mo ti tẹ ojú ìwé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá gé àkókò mi sí ìdajì, sláìdì kejì àti èyí tó kẹ́yìn nìkan ni n óò fi hàn. Bí wọ́n bá bi mí ní ohun tí n kò mọ̀: "Ẹ fún mi di ọ̀la, n óò mú èsì rẹ̀ wá."

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìdánrawò, nínú ìnira tó jọ ti ọjọ́ náà gan-an. Nígbà tí iṣẹ́ parí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wọ yàrá ìpàdé, mo sì bẹ ẹ̀gbọ́n kan láti ẹ̀ka ìṣirò owó pé kí wọ́n wá jókòó sórí àga alága. Mo ní kí wọ́n má ṣàánú mi. Wọn ò kúkú ṣàánú mi. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ dé ibì kankan tí wọ́n fi dá a mọ́ mi lẹ́nu:

"Àbúrò, gbogbo ẹ̀ dáa. Tí a ò bá fún yín lówó yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n parí..."

"Alága ò ní jẹ́ kó o parí. Dá mi lóhùn."

Nígbà tí mo wá ń dáhùn, wọ́n yọ fóònù, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọn ò gbójú sókè. Ẹ gbà mí gbọ́, ìyẹn le ju ìbéèrè lọ. A tún un ṣe títí tí fóònù náà ò fi já mọ́ nǹkan kan lójú mi.

Ní ti àyà tó ń lù kìkì, mi ò bá a jà. Ìwádìí tí Alison Wood Brooks tẹ̀ jáde lọ́dún 2014 fi hàn pé àwọn tó sọ fún ara wọn pé ara àwọn ti yá gágá ṣe dáadáa ju àwọn tó ń fipá mú ọkàn wọn balẹ̀, ì báà jẹ́ orin kíkọ, ọ̀rọ̀ sísọ tàbí ìṣirò. Ohun tí mo ń sọ lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn: ara mi ti yá. Ti dídákẹ́ kí n tó dáhùn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbá pẹnáritì ni mo ti mú un. Geir Jordet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo pẹnáritì àwọn ìdíje ńlá, wọ́n sì rí i pé àwọn tó ń sáré gbá bọ́ọ̀lù gbàrà tí rẹfirí bá fọn fèrè kì í sábà jẹ góòlù tó àwọn tó fara balẹ̀. Àfi bíi pé wọ́n kàn fẹ́ kó tètè tán.

Ọjọ́ pé. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó gé àkókò mi. Olùdarí kan ń tẹ fóònù lóòótọ́, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìbéèrè kan wá nípa àdéhùn àwọn tó ń kó ohun èlò fún wa, kò sí nínú ìwé mi rárá. Mo mí kanlẹ̀, mo ní n óò mú èsì wá lọ́la, a sì tẹ̀ síwájú. Wọ́n fọwọ́ sí apá kan lára owó náà, wọ́n ní ìyókù di ìpàdé tó ń bọ̀.

Eliud Kipchoge, asáré ọ̀nà jíjìn ọmọ Kenya, máa ń kọ ìdánrawò rẹ̀ sínú ìwé. Èmi náà kọ tèmi lálẹ́ ọjọ́ náà. Èyí tó wúlò jù níbẹ̀ ni pé kí sláìdì karùn-ún di ìwé àfikún, torí ibẹ̀ ni ojú gbogbo wọn ti kúrò lára mi.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ eléré ìdárayá àti ti òṣìṣẹ́ ò ti bára mu. Wọ́n lè fi ọ̀pọ̀ oṣù dánra wò fún ìdíje ọjọ́ kan. Àwa ń díje lójoojúmọ́, a kì í dánra wò. Bí mo bá ní kí n múra báyìí fún gbogbo ìpàdé, ìgbà wo ni mo fẹ́ ṣiṣẹ́? Fún ti ojoojúmọ́, ìlà méjì mẹ́ta lórí ohun tó lè bàjẹ́ ti tó. Odindi ètò náà wà fún ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣèpinnu. Ẹ̀gbọ́n ìṣirò owó náà fẹ́ lọ jábọ̀ tiwọn fún ìgbìmọ̀ kan náà láìpẹ́, wọ́n sì ti ní kí n wá jókòó, kí n máa tẹ fóònù.