Bí Mo Ṣe Kọ Ìtàn Ilé-Ìwé Àdúgbò Wa Lẹ́ẹ̀mejì

Igba ìwé pẹlẹbẹ wà lábẹ́ ibùsùn mi títí di òní tí n kò lè fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé irọ́ ni ọdún ìdásílẹ̀ ilé-ìwé tí mo kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ wọn. Ẹgbẹ́ àwọn tó jáde ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa ní Òṣogbo ni ó ní kí n kọ ìtàn rẹ̀. Àpò ara mi ni ₦90,000 tí a fi tẹ̀ ẹ́ ti jáde, ìwàǹwára mi ni kò sì jẹ́ kí n fi han àwọn àgbà kí n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.

Ara ògiri ilé-ìwé ni mo ti rí 1955. N kò ṣiyèméjì, nítorí pé ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní ọdún náà ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, mo sì ti kọ ojú ewé méjì gbáko lórí èyí pẹ̀lú ìyangàn. Ní ọjọ́ tí a pín ìwé náà, bàbá àgbàlagbà kan dìde, ó ní, “Ọmọ mi, o ṣeun, ṣùgbọ́n ìparí ọdún 1954 ni mo jáde níbẹ̀. Ṣé mo ti jáde kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ni?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ojú gbà mí tì.

Kíkó ìtàn jọ lẹ́nu àwọn èèyàn kò nira, nítorí náà n kò ní fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ni ìṣòro. Ikán ti jẹ rẹ́jísítà àtijọ́ títí dé ẹ̀yìn. Àwọn tó ṣẹ́ kù tún fọ́n ká nígbà tí ìjọba Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá tún ètò ilé-ìwé tò, tí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dín kù sí kíláàsì mẹ́rin, tí wọ́n kó kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà lọ síbòmíràn. Nígbà tí ètò àtijọ́ padà ní ọdún 2020, àwọn ọmọ padà, ìwé kò padà.

Ó wá ku ìwé ẹ̀rí tí bàbá yẹn gbà. Bàbá ní inú àpótí àbúrò òun tó ti dolóògbé ni ó wà, ní Ìkìrun. Mo lọ lẹ́ẹ̀kínní, àwọn ọmọ olóògbé ní àwọn kò ní í ṣí àpótí náà àfi tí gbogbo àwọn bá péjú. Mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹnì kan nínú wọn kò wá, wọ́n sì fi ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ṣe mí lálejò bí ẹni pé oúnjẹ ni mo wá jẹ. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni a tó rí kọ́kọ́rọ́, ó ti dípẹtà, a sì ní láti pe alágbẹ̀dẹ. Oṣù méjì ni mo lò lórí bébà kan ṣoṣo tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ!

Àmọ́ bébà náà sọ̀rọ̀. Sítándáàdì síìsì ni ó kọ, oṣù Kejìlá ọdún 1954. Kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó sọ ọ́ di ọdún mẹ́fà, ọdún mẹ́jọ ni ọmọ ń lò: méjì ní ìpele àwọn ọmọ kéékèèké, mẹ́fà ní sítándáàdì. Bàbá sì wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ jókòó lábẹ́ igi ọdán kí ilé tó wà. Mo kà á padà sẹ́yìn, ó bọ́ sí 1947. Ilé alámọ̀ tí àwọn ará àdúgbò kọ́ nígbà tí ọmọ pọ̀ sí i nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ó ni 1955. Ọdún ilé ni wọ́n kọ sára ògiri, kì í ṣe ọdún ilé-ìwé.

Nínú ìtẹ̀jáde kejì ni mo ti wá rí àyè fún ohun tó dùn mọ́ mi jù. Mo kọ nípa bí a ṣe ń wọn ọjọ́ orí: ọmọ tí kò bá lè na ọwọ́ kọjá lórí orí rẹ̀ kí ó kan etí kejì, ilé ni yóò padà sí. Mo kọ nípa àwọn ìyá tó ń pọn omi tí a fi po amọ̀, nípa ìgbálẹ̀ àti apẹ̀rẹ̀ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbé wá fún iṣẹ́ ọwọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, àti bí ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kìrìstẹ́nì ṣe ń gbàdúrà lórí ìlà kan náà láàárọ̀. Ní ti ẹbí méjì tó ń du orúkọ ẹni tó fi ilẹ̀ sílẹ̀, mo kọ orúkọ méjèèjì, mo sì kọjá lọ.

Bí mo bá tún fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìwé tí àwọn àgbà fi jáde ni n óò kọ́kọ́ béèrè, kí n tó wo ògiri, kí n tó rí atẹ̀wé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gba iwájú ilé-ìwé náà kọjá. Ẹgbẹ́ wa ti fi ọ̀dà tuntun kun ògiri, ó ń dán gbinrin. 1955 ni wọ́n tún kọ síbẹ̀.