Bó o ṣe lè mojú kóòtù kó o tó gba dígírì òfin

Ọdún 5 lo máa fi ka òfin ní yunifásítì (4 fún ẹni tó gba Direct Entry wọlé, ìyẹn ẹni tó ti ní ìwé ẹ̀rí tó ju ti girama lọ), kí Law School, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́yà, tó tún gba àkókò tirẹ̀. Má dúró dìgbà yẹn.

Láti ọdún kejì ni kó o ti wá ọ́fíìsì lọ́yà tí wàá máa lọ nígbà ìsinmi. Fẹsẹ̀ ara rẹ lọ, mú lẹ́tà dání. Èmi fara mọ́ ọ́fíìsì kékeré ju ńlá lọ: ìwọ náà ni wọ́n máa rán lọ sí rẹ́jísírì (ọ́fíìsì tí kóòtù ń kó fáìlì ẹjọ́ sí), wàá sì di ojúlùmọ̀ àwọn akọ̀wé kóòtù. (Kí wọn dáadáa o, àwọn ló mọ ibi tí fáìlì wà.)

Àmọ́ kóòtù gíga máa ń lọ ìsinmi tirẹ̀ láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án. Ẹjọ́ kánjúkánjú nìkan ni wọ́n sábà máa ń gbọ́ nígbà náà.

Ní kóòtù Ìyágankú, n'Ìbàdàn, ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí. Pa fóònù, pín ojú ewé nóòtù sí méjì: apá kan fún ohun tí lọ́yà béèrè, èkejì fún ohun tí adájọ́ sọ sí i. Tó bá dalẹ́, wá abala tó bá a mu nínú Evidence Act 2011, òfin tó dá lórí ẹ̀rí ní kóòtù.

Fáìlì oníbàárà kò gbọdọ̀ dé orí WhatsApp rẹ láé.