Àbúrò mi, má jẹ́ kí GST bá ọ dé ìpele 400

Òkè-Baálẹ̀ níbí ní Òṣogbo, nítòsí yunifásítì, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì àti èsì ìdánwò ni mo máa ń tẹ̀ jù fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sì máa ń yẹ ìwé wọn wò kí n tó fi lé wọn lọ́wọ́. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti ọmọ tó ti parí gbogbo kọ́ọ̀sì ẹ̀ka rẹ̀, tó ti kọ project rẹ̀ tán, àmọ́ tí GST ọdún kìíní, ìyẹn General Studies, kọ́ọ̀sì àpapọ̀ tó kan gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á lọ sìnrú ìlú, òun á dúró de kọ́ọ̀sì yúníìtì méjì péré. Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, pàápàá tó bá jẹ́ ìtàn, èdè, lítíréṣọ̀, fìlọ́sọ́fì tàbí tíátà lo fẹ́ kà, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Kọ́kọ́ mọ iye tí o jẹ. Ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, ń lò báyìí ni wọ́n ń pè ní CCMAS. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ wá láti ọwọ́ NUC, ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ń fi ìdá 30 tirẹ̀ kún un. Kọ́ọ̀sì àpapọ̀ tó kan gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ mẹ́fà, yúníìtì méjì-méjì, èyí tó jẹ́ 12. Ní ìpele 100, wàá ṣe GST 111 tó jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti GST 112 tó dá lórí àwọn ènìyàn àti àṣà Nàìjíríà. Ní 200, GST 212 ni fìlọ́sọ́fì àti lọ́jíìkì, ENT 211 sì ni ti òwò. Ní 300, GST 312 ni ti àlàáfíà àti bí a ṣe ń parí ìjà, ENT 312 sì ni bí a ṣe ń dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ lè ní òmíràn tó fi kún un, nítorí náà ìwé ìtọ́nisọ́nà ẹ̀ka rẹ ni kí o gbà gbọ́. Má gbára lé ohun tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp.

Lọ́jọ́ tí pọ́tà, ìyẹn ìkànnì ìforúkọsílẹ̀, bá ṣí, GST ni kí o kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ fún, kí o tó kan ti ẹ̀ka rẹ. Wo kóòdù náà dáadáa, torí mo ti rí ọmọ tó tẹ 121 dípò 112. Bí o bá ní kárí-ófà, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí o ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ni kó ṣáájú gbogbo kọ́ọ̀sì tuntun, nítorí yúníìtì 24 ni òpin fún sẹ̀mẹ́sítà kan. Ìwọ tó bá gba Direct Entry wọlé, tó bẹ̀rẹ̀ láti ìpele 200, má rò pé ti ìpele 100 kò kàn ọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, wàá padà ṣe é. Béèrè lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn ìpele rẹ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Wọ́n á sọ fún ọ pé GST kì í ṣe nǹkan kan. Mú bírò, jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní o forúkọ sílẹ̀ fún yúníìtì 18, o sì gba B nínú 16. B jẹ́ 4, ìyẹn 64. Bí o bá gba A, tó jẹ́ 5, nínú GST 111 tó jẹ́ yúníìtì méjì, 10 á kún un, ó di 74. Pín in sí 18, GPA rẹ jẹ́ 4.11. Bí o bá gba F, òdo ló kún un, àmọ́ yúníìtì méjì yẹn ò kúrò nínú 18 tí o fi ń pín. 64 sí 18 jẹ́ 3.56. Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló já ọ láti 4.11 sí 3.56, 3.50 sì ni second class upper ti bẹ̀rẹ̀.

Nípa kíkà á, kíláàsì GST máa ń kún àkúnya, ọ̀pọ̀ kì í sì í lọ. Lọ, nítorí ẹni tí kò bá pé ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kíláàsì, wọ́n lè má jẹ́ kó ṣèdánwò. Níbi tó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, orúkọ àti ìtumọ̀ ni wọ́n máa ń béèrè jù.

Ẹni tó bá dàgbà ní Òṣogbo ní àǹfààní nínú GST 112, kó lò ó. Nígbà tí o bá ń ka jíhàádì Sókótó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1804, má ṣe há a sórí lásán. Tẹ̀ lé e dé Ìlọrin, kí o tún tẹ̀ lé e dé Òṣogbo níbí ní 1840, níbi tí ọmọ ogun Ìbàdàn ti ṣẹ́gun ti Ìlọrin. Bí o bá dé orí àṣà, lọ sí Igbó Òṣun. UNESCO fi í sára àwọn ohun ìní àgbáyé ní 2005. Wo àwọn ère tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú wa jọ ṣe, kí o sì kọ ohun tí o rí sílẹ̀ lọ́rọ̀ ara rẹ. Bákan náà ni GST 312. Ogun Kírìjí tí Ìbàdàn bá Èkìtì Parapọ̀ jà, láti 1877 títí di ìgbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, á jẹ́ kí o mọ iṣẹ́ alárinà ju ìwé ńlá kan lọ, Igbájọ tó wà lára ibi tó ti ṣẹlẹ̀ kò sì jìnnà sí wa.

GST 212 ló ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ jù. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o kọ́kọ́ ronú rẹ̀ ní Yorùbá. Wo èyí: bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ á tutù. Ilẹ̀ tutù. Nítorí náà, òjò rọ̀. Ó dà bíi pé ó tọ́, àmọ́ kò tọ́, torí ẹnì kan lè ti da omi síbẹ̀. Yí i padà: ilẹ̀ kò tutù, nítorí náà òjò kò rọ̀. Èyí dúró. Modus tollens ni wọ́n ń pe ìyẹn. Bí o bá ti mọ ìdí tó fi dúró, orúkọ Látìn náà ò ní ṣòro láti rántí.

Ti ENT, mú òwò gidi tí o lè fojú rí. Lọ bá àwọn aláàdìrẹ ìlú yìí, béèrè iye aṣọ, iye aró, iye ọjọ́ tó ń gbà. Ètò òwò rẹ á ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Tọ́jú ìwé àlàyé kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Bí o bá fẹ́ lọ parí ẹ̀kọ́ rẹ ní Amẹ́ríkà, àwọn náà ní kọ́ọ̀sì àpapọ̀ tiwọn: ìwé kíkọ, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ọnà, èdè mìíràn nígbà míì. Wọ́n lè béèrè ìwé yìí kí wọ́n tó gba èyí tí o ti ṣe wọlé.

Tó bá di òpin ìpele 300, gba èsì rẹ láti ọdún kìíní, kọ kọ́ọ̀sì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí ìwé, kí o sì kọ máàkì rẹ síwájú ìkọ̀ọ̀kan. Èyí tí àyè rẹ̀ bá ṣófo, gbé e lọ sí ọ́fíìsì GST lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ rẹ lọ́wọ́. Ọdún kan gbáko ṣì wà níwájú rẹ láti tún un ṣe.