Bí Ará Èkìtì Ṣe Lè Ṣètò Ìrìnàjò Sàfárì Àkọ́kọ́

Bí a bá dárúkọ sàfárì, ìyẹn ìrìnàjò láti lọ wo ẹranko nínú igbó, iye owó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè, àmọ́ oṣù tí ẹ óò lọ ló yẹ kó ṣáájú, nítorí pé òjò àti ọ̀dá ló ń da ẹranko kiri. Ẹ̀ẹ̀rùn wa ní Èkìtì kì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn Kẹ́ńyà àti Tànsáníà. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ ní Adó láti oṣù Kẹfà títí di oṣù Kẹwàá, ilẹ̀ ti gbẹ lọ́hùn-ún, koríko ti kúrú, ẹranko kò sì rí ibi fara pamọ́ sí. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá ni ọ̀wọ́ wildebeest (ẹranko oníwo tó fara jọ màlúù) àti sẹ́brà máa ń la odò Mara kọjá láti ọgbà ẹranko Serengeti ní Tànsáníà bọ́ sí ti Maasai Mara ní Kẹ́ńyà, tí ọ̀nì á sì lúgọ dè wọ́n nínú omi. Àsìkò yìí bọ́ sí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, èyí tó rọrùn fún àwọn olùkọ́, tí wọn kò ṣọ̀wọ́n ní Èkìtì. Ẹni tó bá dúró di Kérésì kò ní bá wọn létí odò náà.

Bí owó kò bá tó ti Kẹ́ńyà, ọgbà ẹranko Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi kì í ṣe ibi tí a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ọdún 1962 ni wọ́n ṣí i fún àlejò, ó sì fẹ̀ ju 2,200 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ti ibẹ̀ bá tiwa mu: oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin ni kí ẹ lọ, nígbà tí ọ̀dá bá ti lé erin wá sí etí odò Gaji. Ẹ lè lúwẹ̀ẹ́ nínú ìsun omi Wikki, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ má retí omi tútù tó wá pàdé rẹ̀ bíi ti Ìkọ̀gòsì. Ọ̀nà jìn o, nítorí náà, ẹ wádìí ààbò ojú ọ̀nà kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ní tèmi, ibi kan ṣoṣo tó fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ẹ sì sun oorun mẹ́ta níbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bá yín ṣètò bóyá owó ìwọlé wà nínú iye tó pè, nítorí pé ojoojúmọ́ ni Mara àti Serengeti ń gbà á lórí àlejò kọ̀ọ̀kan.

Ó kéré tán, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ní ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìnàjò. Láti ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni, nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá káàdì àjẹsára àtijọ́ nílé.

Ẹrù dídì ló máa ń kó ìtìjú bá wa. Kẹ́ńyà ti fòfin de àpò ọ̀rá láti ọdún 2017, Tànsáníà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2019. Gàrí inú ọ̀rá àti bàtà tí a fi ọ̀rá wé kò gbọdọ̀ dé pápákọ̀ òfúrufú wọn. Ẹ lo àpò aṣọ. Ẹ mú súwẹ́tà tó nípọn, nítorí òtútù ìdájí orí òkè Ngorongoro ní Tànsáníà kọjá ti Ẹ̀fọ̀n Alààyè. Ẹ sì fi àdìrẹ aláró sílé: àwọ̀ búlúù àti dúdú ló ń pe eṣinṣin tsetse, eṣinṣin náà sì ń ta ènìyàn gba orí aṣọ.

Nínú igbó, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ àfi bí afinimọ̀nà bá ní kí ẹ sọ̀. Tó bá pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ẹ dákẹ́, kí ẹ máa wo lékèélékèé. Níbi tí wọ́n bá ti ń bà tí wọ́n tún ń fò dìde nínú koríko, ẹfọ̀n tàbí erin kì í sábà jìnnà.