Bí mo ṣe yanjú ojú kámẹ́rà tó ń ṣú lórí omi

Nígbàkígbà tí mo bá gbé kámẹ́rà láti inú yàrá amúlétutù lọ sínú ọkọ̀ àwọn apẹja lórí ìsédò Ọbà, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ńṣe ni ojú rẹ̀ máa ń ṣú. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń di omi lára gíláàsì tó tutù. Ní báyìí, inú ọ̀rá tí mo so lẹ́nu pinpin ni mo ń gbé e sí, títí tí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí afẹ́fẹ́ ìta.

Ọ̀rá kò lè gba kámẹ́rà lọ́wọ́ omi tó ń ta sókè láti ẹnu àjẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe yan kámẹ́rà Olympus TG-6, tó lè wọ omi dé mítà 15, bí mo bá ṣáà ti nu rọ́bà etí ilẹ̀kùn bátìrì rẹ̀ dáadáa, torí irun kan ṣoṣo (àní, irun kan!) lè ṣínà fómi. Ẹni tó bá ń lo kámẹ́rà náà nínú ọkọ̀ lójú òkun gbọ́dọ̀ tún máa fi omi aláìníyọ̀ ṣàn án.