Bí ẹ ṣe lè tẹ àtẹ iṣẹ́ tí fóòmàn yóò rí kà

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí mò ń bójú tó l'Adó-Èkìtì ni màá fi ṣàpẹẹrẹ. Microsoft Project, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to ọjọ́ iṣẹ́, ni mò ń lò. Bí owó rẹ̀ bá ti wọ́n jù, ẹ wá ProjectLibre tàbí GanttProject, ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì; bọ́tìnì wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ jọra. Èmi ò ka àtẹ tó rẹwà lójú kọ̀ǹpútà kún iṣẹ́. Èyí tí bàbá fóòmàn lè dúró níwájú rẹ̀, kó rí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láìpe ẹnikẹ́ni, ni mò ń wá.

Kàlẹ́ńdà ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Project gbà pé láti Mọ́ńdè sí Fúráìdè nìkan ni èèyàn ń ṣiṣẹ́. Bíríkílà wo ló ń fi Sátidé sinmi l'Ékìtì? Ẹ lọ sí Project, Change Working Time, kí ẹ ṣí Sátidé sílẹ̀ ní Work Weeks. Lábẹ́ Exceptions, ẹ ti ọjọ́ Kérésì, ọjọ́ Iléyá àti ọjọ́ Ùdìrókò inú oṣù Ògọ́sì pa. Ẹni tó bá fi kọnkéré dídà sọ́jọ́ Ùdìrókò l'Adó, òun nìkan ni yóò pò ó.

Lẹ́yìn náà, ẹ to iṣẹ́ sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ iye ọjọ́ wọn sí Duration. Ẹ má fọwọ́ ara yín kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ o! Inú Predecessors ni kí ẹ ti so wọ́n pọ̀. Ká ní dẹ́kìn dídà wà ní ìlà 6, yíyọ igi abẹ́ rẹ̀ wà ní ìlà 7, ẹnjiníà sì ní kí igi wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 21. Ní ìlà 7, ẹ kọ 6FS+21ed. FS ni pé kí ìlà 6 parí kí ìlà 7 tó bẹ̀rẹ̀; ed ni ọjọ́ tó ń kọjá lọ, iṣẹ́ wà o, iṣẹ́ ò sí o. Lẹ́tà e yẹn ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá kọ 21d, ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni yóò máa kà, yóò sì fi ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin kún un lásán. Sìmẹ́ńtì ò mọ Sọ́ńdè. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo oṣù tí páànù kíkàn bọ́ sí, torí òjò wa kì í dúró de ẹnikẹ́ni láti Épírì dé Òkítóbà.

Títẹ̀ ẹ́ jáde ló wá le. Ẹni tó bá kàn tẹ Ctrl+P lè rí ìwé rẹpẹtẹ tí yóò máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ra. Ẹ fi Task Name, Start àti Finish nìkan sílẹ̀, kí ẹ fa ìlà tó pín ojú ìwé sí méjì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Finish; òpó tí kò bá hàn tán kì í jáde. Ẹ tẹ orí déètì lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi oṣù sókè, ọ̀sẹ̀ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá tan Critical Tasks, iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ falẹ̀ yóò pọ́n, àmọ́ lórí ẹ̀rọ dúdú-òun-funfun, pupa àti búlúù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ wọ Bar Styles, kí ẹ fún ọ̀pá àwọn iṣẹ́ yẹn ní ìlà wínníwínní.

Ní Page Setup, ẹ mú Landscape (kí ewé dùbúlẹ̀) àti ìwé A3, kí ẹ yọ Legend kúrò, kí ẹ sì fi déètì òní sí Header. Ẹ má fún iṣẹ́ ọdún kan pọ̀ sójú ewé kan. Lẹ́tà rẹ̀ yóò dà bí ẹyin eèrà. Níbi Dates lójú Print, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ń bọ̀ ni mo máa ń mú.

PDF ni kí ẹ gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, torí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni kò ní Project. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń tẹ pláànù ilé, àwọn ló sábà máa ń ní A3, kí ẹ sì sọ fún ọmọ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà pé Actual size lẹ fẹ́. Ẹ fi ìwé náà sínú náílọ́ọ̀nù, kí ẹ kàn án mọ́ ilẹ̀kùn sítọ̀ọ̀ tí wọ́n ti ń gba sìmẹ́ńtì, kí ẹ sì já ti tẹ́lẹ̀ dànù.