Tí ìjà bá wọ ibiṣẹ́, àwọn ǹkan tá a máa ń ṣe tó ń bà á jẹ́ sí i

Ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ níbí, Porto-Novo ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọdún kẹsàn-án rèé. Àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ kà yìí, èmi fúnra mi ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ẹ má bá ara yín jà níwájú oníbàárà. Ìyá kan gbé ìwé ètò ìsìnkú ọkọ ẹ̀ wá, 300 ló fẹ́, ìsìnkú ku ọ̀túnla, a tẹ̀ ẹ́ tán, a gé e, a ti ń kà á mẹ́wàá mẹ́wàá sínú náílọ́ọ̀nù kó tó sọ pé "ẹ̀yin ọmọ mi, 17 lẹ kọ síbí o, 16 ni." Bí mo ṣe yíjú sí ọmọ tó ń lo kọ̀ǹpútà nìyẹn, mo ní "oorun lo máa ń sùn!" Òun náà ò dákẹ́, ó ní ṣebí ẹ̀yin lẹ yẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́ wò tẹ́ ẹ ní ká máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ìyá yẹn ń wò mí, ó ń wo ọmọ náà, ìwé lọ́wọ́, kò tíì sẹ́ni tó sọ fún un pé "ẹ má bínú, ìyá, a máa tún un tẹ̀ lálẹ́ yìí." Ta ló jẹ̀bi? Ìyẹn lè dúró dìgbà tó bá lọ.

Èyí tó tẹ̀ lé e, àwọn èèyàn ò kà á sí, bẹ́ẹ̀ ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa gan-an. Faransé là ń sọ lẹ́nu iṣẹ́, Gùn ń bẹ ńbẹ̀, Yorùbá ń bẹ ńbẹ̀. Ọmọ kékeré á pe ẹni tó lè bí i ní "tu", kò ní ǹkan kan lọ́kàn, bó ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kù ni, àmọ́ tí àgbà yẹn bá ti jẹ́ ará Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, "ìwọ" ló gbọ́ létí ẹ̀. Látọjọ́ náà, ohunkóhun tí ọmọ yẹn bá sọ, kódà kó tọ̀nà, kò ní gbà á. Wọ́n á ní iṣẹ́ ló dá ìjà sílẹ̀, irọ́ ni, "tu" yẹn ni. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ ní "bàbá, ṣé mo ti sọ̀rọ̀ tó dùn yín ni?"

WhatsApp ibiṣẹ́ ńkọ́? Ẹ má débẹ̀ rárá. Ohùn tẹ́ ẹ fìbínú gbà sílẹ̀ láago mọ́kànlá alẹ́, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tó fi máa dé etí ìyàwó ọ̀gá.

Tí ọ̀gá bá wá fún yín ní demande d'explication, ìwé tó fi ń béèrè àlàyé yẹn, àwọn kan kì í gbà á, àwọn mìíì á fi èébú dáhùn. Méjèèjì ò da. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́, aago, ẹni tó wà ńbẹ̀, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà kan pa mọ́ sílé. Ẹ má sì fìbínú kó ẹrù yín kúrò, torí wọ́n lè ní ẹ̀yin lẹ fiṣẹ́ sílẹ̀. Nínú òfin iṣẹ́ ọdún 1998 ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọ̀dọ̀ inspecteur du travail, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ni ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ kó tó dé kóòtù, ó máa pe ẹ̀yin méjèèjì jókòó bóyá ẹ lè parí ẹ̀ ní ìtùnbí ìnùbí. Ibẹ̀ ni ẹ̀dà tẹ́ ẹ fi pa mọ́ yẹn ti máa wúlò.

Ìwé ìsìnkú yẹn, èmi àti ọmọ náà la jọ tún un tẹ̀ mọ́jú, a ò bára wa sọ̀rọ̀ títí dìgbà tó ra àkàrà wá ní ìdájí tó sì na èyí tó pọ̀ sí mi. A gé àwọn tó bàjẹ́ sí kéékèèké, ẹ̀yìn ẹ̀ la ń kọ orúkọ oníbàárà sí di òní, tẹ́ ẹ bá yí i padà, ẹ ṣì máa rí 17.